Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí Bàbá Mi Fi Gun Ìtàkùn

Òórùn méjì ló máa ń pàdé nínú pálọ̀ wa ní Ikosi lọ́dún náà. Ọ̀kan ni ti ìpara tí a fi ń ra ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi láàárọ̀, tó máa ń ta ènìyàn nímú bí ata. Èkejì ni ti tòmátì tó ti bàjẹ́, tí atẹ́gùn máa ń gbé wá láti ọjà Mile 12 bí òjò bá ti dá. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn ìpara yẹn lára ẹnikẹ́ni, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé ó ti pẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ yẹn kò tó ohun tí wọ́n ń gbé sínú ìwé ìròyìn. Ohun kékeré ni, inú géèmù ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe é, ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Ìwọ náà á rántí ìgbà yẹn, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì dáṣẹ́ sílẹ̀ tí gbogbo wa kó ẹrù wa padà sílé láìmọ ọjọ́ tí a ó padà. Ọmọ ogún ọdún ni mí. Mummy mi jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ogudu, wọn kì í wọlé kí aago mẹ́ta tó lù. Àbúrò mi obìnrin wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé ibẹ̀. Ó wá ku èmi àti Daddy nínú ilé láti àárọ̀ dọ̀sán. Rọpárọsẹ̀ ti kọlu Daddy ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Ẹsẹ̀ wọn ti ń bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ti já gaara, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́. Iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ ni wọ́n ń ṣe, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n sì ń yà á sórí ìwé. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni wọ́n fi ń ya ilẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń buwọ́ lù ú. Lẹ́tà wá láti ibi iṣẹ́ wọn pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, kí wọ́n wá fara hàn, kí wọ́n wá mú bírò kí wọ́n kọ nǹkan níwájú àwọn ọ̀gá. Bí ọwọ́ bá lè ṣe é, wọ́n á padà sáàyè wọn. Bí kò bá lè ṣe é, kí wọ́n máa lọ sinmi. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Daddy nígbà náà, mi ò sì tíì rí ẹni tó kórìíra ìsinmi tó wọn.

Kí n má parọ́ fún ọ, ojo ni mí. Èmi ni ẹ̀rù òjò máa ń bà kí ojú ọ̀run tó ṣú. Láti ọjọ́ tí Daddy ti ṣubú ní balùwẹ̀, mo di ẹni tó ń ka mímí wọn bí wọ́n bá sùn lọ lórí àga, tí mo bá sì ka mẹ́ta tí mi ò gbọ́ ẹ̀kẹrin, mo ti dìde. Mummy ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ti bọ́ aṣọ ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n á di aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ Daddy lápá, gbogbo wa á dákẹ́ jẹ́ẹ́, a ó máa wo nọ́ńbà bí ó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Láàárọ̀, kí Mummy tó jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà: "Má jẹ́ kí nǹkan kan bí wọn nínú o. Dókítà ní tó bá tún padà wá, kò ní rí bí ti àkọ́kọ́." Bí wọ́n bá ti lọ, mo máa ń dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí n tó lè wọlé.

Obìnrin kan tó ń tọ́jú iṣan, tí a máa ń pè ní Aunty físíò, ló ń wá wo ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó mú bọ́ọ̀lù kékeré kan tó rọ̀ wá pé kí Daddy máa fún un, ìgbà ogún láàárọ̀, ìgbà ogún nírọ̀lẹ́. Daddy wo bọ́ọ̀lù náà bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ àná fún. "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mo wá dà ni?" Abẹ́ àga ni bọ́ọ̀lù sùn lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ló sì wà fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí mo sin Aunty físíò dé géètì, ó ṣàlàyé fún mi pé nínà ìka jáde kọ́ ni ìṣòro Daddy, pé dídi nǹkan mú kó má bọ́ ni ọwọ́ náà ti gbàgbé. Ó ní oṣù àkọ́kọ́-àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni ọwọ́ máa ń tètè kọ́ ẹ̀kọ́, tí wọ́n bá ti kọjá, á le. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọ̀sẹ̀ tó kù.

Géèmù tí àbúrò mi fi sílẹ̀ ló gbà wá. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí iná wà, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n nítorí pé ọwọ́ mi dilẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ọmọbìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, tó ń dá rìn kiri ilẹ̀ ńlá kan tí àwọn ènìyàn ti fi sílẹ̀ lọ: ògiri gíga tó ti sán, àpáta, àfonífojì, ilé ìṣọ́ tó ti wó lápá kan. Kò sí àkàbà níbì kankan, àtẹ̀gùn tó wà ti já sí méjì. Ewéko ni ọ̀nà. Ibi tí o bá ti rí ìtàkùn tó fà mọ́ ògiri, ibẹ̀ lo lè gbà gòkè. Gbòǹgbò tó yọ jáde lára àpáta, o lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ewéko kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí o bá bomi rin ín, á máa hù lójú rẹ títí á fi kan fèrèsé lókè, ìwọ náà á sì bá a lọ. Ẹni tí kò bá mọ ewéko wò nínú géèmù yẹn, ilẹ̀ ni yóò máa yí kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti gun ìtàkùn, o ní láti fi ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún tẹ bọ́tìnnì kan tó wà ní èjìká páàdì tí a ń dì mú fi ta géèmù, kí o sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá fi ń gòkè. Ọwọ́ tí ọmọbìnrin náà fi di ìtàkùn mú nìyẹn. Bí ìka rẹ bá dẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ tirẹ̀ á bọ́, á sì já wálẹ̀.

"Kí ló wà lókè yẹn?" Daddy bi mí láti orí àga wọn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń wò ó.

Mo ní mi ò mọ̀.

"O ò mọ̀, o wá ń rìn kiri nísàlẹ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe rí tí o ò bá gòkè? Gbé nǹkan yẹn wá."

Bí Daddy ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n ni, wọn kì bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń bá géèmù náà wí bí ẹni ń bá ọmọ iṣẹ́ wí. Wọ́n á ní, "Ìtàkùn yìí ti gbẹ, ta ló ní ó lè gbé ènìyàn?" Ká rìn síwájú díẹ̀, wọ́n á ní, "Èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ yìí ni kó gbá mú. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́nà Agboyi." Wọ́n wá ń sọ fún mi bí àwọn ṣe máa ń wọn ilẹ̀ irà nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, pé ewéko ni àwọn kọ́kọ́ máa ń wò kí àwọn tó wo ilẹ̀, torí pé ewéko ló ń sọ ibi tí ilẹ̀ ti le àti ibi tí ènìyàn á ti rì dé orókún. Mi ò tíì gbọ́ kí Daddy sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n mú ìwé ńlá kan wá, wọ́n sì fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilẹ̀ inú géèmù náà. Ó wọ́, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n gbogbo ìtàkùn tí a ti gùn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà kékeré tó fi hàn bí ó ṣe ga tó.

Ìka náà kò kọ́kọ́ lè ṣe nǹkan kan. Mo máa ń ka á sínú: ení, èjì, ọmọbìnrin náà á já. Ení, èjì, ẹ̀ta, á já. Bó bá ti já báyìí, màá ní, "Pẹ̀lẹ́, Daddy," bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ṣubú. Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ti ń ka dé márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ka dé mẹ́sàn-án. Aunty físíò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ta á lọ. Dídìmú yẹn gan-an ni exercise tí mò ń bẹ̀ yín fún." Ó wá sọ fún wa pé òun ń lọ ṣe ìdánwò, òun kò ní lè wá fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní kí a má ṣe dáwọ́ dúró.

Láàárín ilẹ̀ náà ni ilé ìṣọ́ kan wà tó ga ju gbogbo ohun tó kù lọ, ìtàkùn kan ṣoṣo ló sì yí i ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kí o tó rí ibi tí o lè dúró sí mí lójú ọ̀nà, ó tó kíka mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Daddy ní ibẹ̀ làwọn ń lọ, torí pé láti orí rẹ̀ ni àwọn á ti rí ilẹ̀ yòókù, tí àwòrán àwọn á pé. Wọ́n gùn ún, ó já ní mẹ́jọ. Wọ́n gùn ún, ó já ní mẹ́wàá. Ó já ní mẹ́sàn-án. Wọ́n ń bá a lọ títí oòrùn fi dé ojú fèrèsé, òógùn bo iwájú orí wọn, iṣan ọrùn wọn sì yọ. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, Daddy." Wọ́n sọ páàdì mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. "Pẹ̀lẹ́ kí ni?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ńbà tó jáde lórí ẹ̀rọ ga, a kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé ìwòsàn. Mummy tún un wọ̀n, kò yàtọ̀ púpọ̀. Wọ́n tú aṣọ ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n pè mí sí kíṣìnnì. "Kí lẹ ṣe lónìí?" Mo ní géèmù lásán ni. Mummy ní bí òun bá tún rí nọ́ńbà yẹn lọ́la, òun á gbé géèmù náà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá níwájú ilé. Mo sùn lórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Bí mo bá gbé géèmù kúrò, ọwọ́ kò ní í ní ohun tí á máa kọ́ mọ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ìbínú lè gbé rọpárọsẹ̀ kejì wá. Gbogbo ọ̀nà tí mo wò ló dẹ́rù bà mí.

Láàárọ̀, nígbà tí Daddy wà ní balùwẹ̀, mo tan géèmù náà, mo sì wọ ibi tí wọ́n ti ń tún un tò. Mo rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan níbẹ̀. Ó ní o lè máa tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ láti di ìtàkùn mú, tàbí kí o jẹ́ kí ọmọbìnrin náà máa dì í mú fúnra rẹ̀ bó bá ti kàn án. Àwọn ọmọ kékeré tí ọwọ́ wọn kò tíì gba páàdì ni wọ́n ṣe é fún, mo rò bẹ́ẹ̀. Mo yí i padà. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo sọ fún ara mi pé fún ọjọ́ kan péré ni, kí nọ́ńbà lè wálẹ̀, kí Mummy má gbé géèmù lọ.

Daddy tẹ bọ́tìnnì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìka náà kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí ó ń tẹ nǹkan àti ìgbà tí ó ti dẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n fi lè fura. Mẹ́wàá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ń kà á. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé ibi ìsinmi, Daddy mí kanlẹ̀, wọ́n sì ń bá a lọ. Wọ́n dé orí ilé ìṣọ́. Gbogbo ilẹ̀ náà tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa, odò, ògiri, àti ìtàkùn lóríṣiríṣi tó rọ̀ láti ibi tí a kò mọ̀ pé ènìyàn lè dé. Daddy fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí itan wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ lórí, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Inú mi dùn, kí n sọ òótọ́. Inú mi dùn gan-an. Nírọ̀lẹ́, nọ́ńbà wálẹ̀, Mummy kọrin ìyìn títí wọ́n fi sùn.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ yí i padà lẹ́yìn ìyẹn? Mo ní lọ́la, ọ̀la dé, mo ní lọ́la. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni Daddy fi gun gbogbo ohun tó hù nínú ilẹ̀ yẹn. Àwòrán wọn gba ìwé mẹ́rin, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ń wo tábìlì oúnjẹ. Ṣíbí ṣì ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ṣíbí yìí ló ń yọ̀," wọ́n á ní, wọ́n á sì gbé e sí ọwọ́ òsì. Tówẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti fún nínú omi láàárọ̀, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní ẹni tó lè gun ilé ìṣọ́, kí ló fẹ́ fi tówẹ́ẹ̀lì ṣe? Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn wọn le bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ẹ ṣáà gbé bírò yín sílẹ̀ dè mí. Níwájú yín báyìí ni màá ti sáìn." Wọ́n ní kí n lọ lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ́wọ́ gígùn. Mo dúró ti àyọ́ọ̀nù. Mo ti ń rí ọjọ́ náà lójú mi: Daddy nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àwọn ọ̀gá yí tábìlì ká, bírò bọ́ sílẹ̀, Daddy sì ń wo ọwọ́ wọn láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ, mo tiẹ̀ ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ojú wọn, ọ̀rọ̀ á pa rẹ́. Ọ̀nà tí ojo máa ń gbà ni mo gbà. Mo yọ́ wọ ibi tí wọ́n ti ń tún géèmù tò, mo dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo ní wọ́n á fúnra wọn rí i pé ọwọ́ kò tíì tó, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé èmi ni.

Ìtàkùn kúkurú kan ni wọ́n kọ́kọ́ kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà odò, tí ọmọdé lè gùn. Ọmọbìnrin náà já. Wọ́n tún un gùn, ó já. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó já kí n tó ka ẹ̀ta. Mo ń retí pé wọ́n á bínú. Wọn kò bínú. Wọ́n gbé páàdì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè síwájú ojú wọn, wọ́n ń wò ó. "Pe Mummy rẹ," wọ́n ní. "Ó ti tún dé."

Mo pe Mummy, mo kàn ní kí wọ́n máa bọ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn wá láti Ogudu, ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà ní abíyá wọn. Daddy ti dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, wọ́n fi ọwọ́ òsì wọn di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń bi mí bóyá ẹnu àwọn ti ń wọ́. Mummy di ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá. Nọ́ńbà náà fò sókè. Mummy ní kí n sáré lọ bẹ aládùúgbò wa kó gbé mọ́tò rẹ̀ jáde, ilé ìwòsàn yá. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà, mo sì kúnlẹ̀.

"Daddy, kò sí ohun tó ṣe yín. Èmi ni. Ọwọ́ yín kọ́ ló ń di ìtàkùn yẹn mú láti ọjọ́ yìí wá, géèmù ló ń dì í mú. Mo yí i padà ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè yé Mummy. Mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ìwọ?" ni wọ́n kàn sọ, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Daddy ní kí n fi han àwọn. Mo ṣí ibẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà.

"Láti ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ gun ilé ìṣọ́."

"Ọ̀sẹ̀ méjì." Wọ́n yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n sí mi. "Ṣé o bi mí bóyá mo fẹ́ jábọ́ ni?"

Wọ́n fúnra wọn rìn wọ yàrá. Fún ọjọ́ méjì, bí wọ́n bá ń fẹ́ omi, Mummy ni wọ́n ń ké sí, tí Mummy kò bá sí nílé, wọ́n á máa mú òùngbẹ mọ́ra. Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ.

Aunty físíò dé lọ́jọ́ kẹta, Mummy sì ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí Daddy di ìka òun mú, ó sì wò mí. Ó ní ọwọ́ náà kò lágbára tó bí òun ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Kò pariwo, kò bú mi, ó kàn ní ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe kékeré ní irú àkókò yìí. Daddy ní kí n wá bọ́ọ̀lù abẹ́ àga jáde. Ní ọjọ́ tó kù, wọ́n fún bọ́ọ̀lù, wọ́n fún tówẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì jókòó síwájú géèmù, bọ́tìnnì sì wà bó ṣe yẹ kó wà. Wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn, àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n sì pa fún mi: mi ò gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lẹ́. Ìwọ náà mọ bí ó ṣe nira tó láti wo ẹni tó ṣubú kí ènìyàn má sọ pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu wa kí a tó mọ̀. Ọmọbìnrin náà já, mo gé ètè mi jẹ. Ó já, mo tẹ àtàrí mọ́ ògiri. Wọ́n dì í mú dé kíka mẹ́fà, dé mẹ́jọ, ní alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, mẹ́wàá. Ibi tí wọ́n dé kí n tó fọwọ́ kan nǹkan wọn nìyẹn.

Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ìta, ilẹ̀kùn kò sì pa dé tán. Kí àwọn ọ̀gá tó gbé ìwé síwájú wọn ni mo gbọ́ ohùn Daddy. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo ti rò pé ọwọ́ yìí ti tó, kò tíì tó. Ṣùgbọ́n màá gbìyànjú rẹ̀." Wọn kò dárúkọ mi. Mo rí èjìká wọn láti ẹ̀yìn, bó ṣe le, bó ṣe ń mì. Bírò kọ lẹ́tà méjì, ó sì bọ́. Wọ́n mú un, ó tún bọ́. Ẹnì kan níbẹ̀ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Àwọn ọ̀gá bọ Daddy lọ́wọ́, wọ́n yìn wọ́n fún iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sinmi.

Nínú takisí tó gbé wa padà, mo sunkún dé Alápẹ̀rẹ̀. Daddy ń wo ìta. Nígbà tí a dé Ketu, wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ ọwọ́ tí o fún mi yẹn ni mo gbé dé iwájú wọn, kí ni ǹ bá ṣe?" Ohùn wọn kò le. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ gígùn láti ìgbà náà ni.

Yunifásítì wọlé lẹ́yìn oṣù kan, mo sì lọ. Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí Mummy tó pè mí lórí fóònù pé Daddy ti gun ilé ìṣọ́ yẹn, wọ́n sì fi ìka ara wọn gùn ún, àwọn nìkan nínú pálọ̀, kò sí ẹni tó ń kà á fún wọn. Lónìí, wọ́n lè mú ṣíbí, wọ́n sì lè buwọ́ lùwé, ó kàn wọ́ díẹ̀ ni. Ọwọ́ dé, iṣẹ́ ti lọ.

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tèmi báyìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń sọ pé mo láàánú. Nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́, ara mi kì í balẹ̀. Nígbà tí mo yí nǹkan yẹn padà, mo rò pé bàbá mi ni mò ń tọ́jú. Ẹ̀rù ara mi ni mò ń tọ́jú. Èmi ni mi ò lè fara da wíwo bí wọ́n ṣe ń jábọ́, àwọn lè fara dà á, wọ́n sì ń ṣe é lọ. Bí ẹnì kan bá ń tiraka lójú mi báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ bi í ohun tí ó fẹ́ kí n ṣe, àní bí àyà mi bá ń já. Nígbà mìíràn, ohun tó máa ń fẹ́ ni kí n jókòó kí n dákẹ́.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fi ìgboyà bi Daddy ní ohun tí mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ náà: ká ní mi ò fọwọ́ kàn án, ṣé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ì bá ti tó fún wọn láti di bírò yẹn mú? Wọn kò yára dáhùn bí ẹni tó fẹ́ tù mí nínú.

"Mi ò mọ̀," wọ́n ní. "Ìwọ náà ò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé à bá ti mọ̀."